Ọmọ tí kò ṣubú, kí ló ṣe é léṣe? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí jimnásíìkì

Ọmọ mi kò ṣubú rárá. Kí ló dé tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ fi ń dùn ún?

Ìbéèrè yìí ló máa ń rú àwọn òbí lójú jù. Nínú jimnásíìkì, ìyẹn eré ìdárayá òkìtì títa, ọwọ́ ń bá ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá fọwọ́ tẹlẹ̀ ta òkìtì, ọrùn ọwọ́ ló ń gbé ìwọ̀n ara rẹ̀. Eegun ọmọdé kò sì tíì gbó. Nítòsí ọrùn ọwọ́, lórí eegun apá tó wà níhà àtàǹpàkò, ibì kan wà tó ṣì rọ̀. Ibẹ̀ ni eegun náà ti ń gùn. Bí wọ́n bá ń tẹ ibẹ̀ lójoojúmọ́ láìsinmi, á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn. Bí wọ́n bá tún fi agídí kún un, eegun yẹn lè ṣíwọ́ gígùn nígbà tí eegun apá kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ṣì ń gùn lọ. Ẹ jẹ́ kó ṣíwọ́ gbígbé ara lé ọwọ́, kí dókítà sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ṣì lè máa fi ẹsẹ̀ àti ikùn ṣe ìdánrawò ní gbogbo àkókò yẹn.

Ara rẹ̀ rọ̀ gan-an. Ṣé ìyẹn ò tó dáàbò bò ó?

Kò tó. Ọmọ tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ gan-an ló yẹ ká máa ṣọ́, torí títẹ ẹ̀yìn léraléra lè mú kí eegun ẹ̀yìn níhà ìbàdí sán. Bí èjìká àti iwájú itan kò bá nà dáadáa, ẹ̀yìn ni yóò tẹ gbogbo ohun tí wọn kò lè tẹ̀. Èjìká àti itan ni kí kóòṣì kọ́kọ́ nà, kó sì mú iṣan ikùn ọmọ le. Bí ẹ̀yìn bá sì ń dun ọmọ nígbàkigbà tó bá tẹ̀ ẹ́, tí kò lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní ọ̀lẹ.

Bíbalẹ̀ ńkọ́?

Agbára tó ń kọlu ẹsẹ̀ nígbà tí eléré bá balẹ̀ láti òkè lè ju ìlọ́po mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Kí orúnkún àti ìbàdí tẹ̀, kí orúnkún má sì wọ inú. Èmi ò rò pé kíka wákàtí ìdánrawò tó. Iye ìgbà tí ọmọ balẹ̀ ló yẹ kí kóòṣì máa kà, torí wákàtí méjì lórí ọ̀pá tí wọ́n ń rọ̀ mọ́ yàtọ̀ sí wákàtí méjì lórí ilẹ̀ fún kókósẹ̀. Kòtò tí wọ́n kó fóòmù rírọ̀ sí dára fún kíkọ́ ohun tuntun, àmọ́ tìmùtìmù tó rọ̀ jù lè gbé ẹsẹ̀ mì kó sì yí i.

Oúnjẹ ńkọ́?

Kó jẹun tó. Bí nǹkan oṣù ọmọbìnrin bá dáwọ́ dúró, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń jẹ kò tó èyí tí ara ń ná, eegun rẹ̀ á sì máa di ẹlẹgẹ́. Ẹ gbé e lọ rí dókítà.

Ìgbà wo ni ẹni tó farapa lè padà?

Ọjọ́ ìdíje kọ́ ló ń sọ ọ́. Elena Mukhina, ọmọ ilẹ̀ Soviet tó gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1978, ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ní 1979. Wọ́n kánjú dá a padà sídìí òkìtì eléwu nígbà tí ẹsẹ̀ náà ò tíì lágbára. Ní oṣù keje 1980, ó fi àgbọ̀n balẹ̀, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ títí tó fi kú ní 2006. Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ní Tokyo ní 2021, Simone Biles, eléré jimnásíìkì ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò mọ ibi tí ara rẹ̀ wà lójú òfuurufú mọ́. Ó ní òun ò ṣe mọ́, wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó padà wá gba àmì ẹ̀yẹ idẹ.

Kí ìrora kọ́kọ́ lọ, kí ẹsẹ̀ méjèèjì lágbára bákan náà, kó lè fi èyí tó farapa nìkan fò láìmira. Ìdajì iṣẹ́ ni kó fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ní òkìtì kan ń ba òun lẹ́rù, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yẹn.