Inú kan náà, ojú ọ̀tọ̀: bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe ń fi ohun tó ń ṣe wọ́n hàn

Tí ọmọbìnrin kékeré bá ṣubú nínú àgbàlá ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n á sáré gbé e, ìyá àgbà á nu ojú rẹ̀, á máa kì í: "Àṣàkẹ́, pẹ̀lẹ́, ó tó." Tí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló ṣubú síbẹ̀, wọ́n á kí i pẹ̀lẹ́ lóòótọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí ẹnì kan á fi sọ pé, "Dìde jàre! Ṣé ìwọ kì í ṣe ọkùnrin ni?" Bí ọmọ ṣe ń kọ́ èyí tó yẹ kó fi hàn àti èyí tó yẹ kó gbé mì nìyẹn, kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ.

Ẹ̀kọ́ náà tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó mọ̀ ọ́n rìn. Ní ọdún 1976, àwọn olùwádìí méjì, John Condry àti Sandra Condry, ní Amẹ́ríkà fi àwòrán tó ń rìn ti ọmọ oṣù 9 kan han èèyàn 204. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé ọkùnrin ni ọmọ náà, wọ́n sọ fún àwọn yòókù pé obìnrin ni. Ohun ìṣeré kan fò yọ lójijì látinú àpótí, ara ọmọ kò sì gbà á. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé ọkùnrin ni ní inú ló ń bí i. Àwọn tí wọ́n sọ fún pé obìnrin ni ní ẹ̀rù ló bà á. Bẹ́ẹ̀, ọmọ kan náà ni gbogbo wọn ń wò! Ẹni tí wọ́n bá rò pé ẹ̀rù ń bà, wọ́n á gbá a mọ́ra. Ẹni tí wọ́n bá rò pé ó ń bínú, wọ́n á ní kó sinmi ariwo.

Nígbà tí Tara Chaplin àti Amelia Aldao kó ìwádìí 166 jọ ní 2013, lórí àwọn ọmọ tó lé ní 21,000, ìyàtọ̀ tí wọ́n rí láàárín bí ọkùnrin àti obìnrin ṣe ń fi ohun tó ń ṣe wọ́n hàn kéré. Láàárín àwọn ọmọ ọwọ́, kò sí èyí tó ṣeé tọ́ka sí. Lọ́dọ̀ òbí, kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Ọ̀dọ̀ àlejò àti láàárín ẹgbẹ́ ló ti ń hàn sí i. Ohun tó bá ń yí padà bí ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ bá ṣe yí padà, ojú ayé lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Inú wá ńkọ́? Ní 1998, Ann Kring àti Albert Gordon fi fíìmù tó ń pani lẹ́rìn-ín, tó ń bani nínú jẹ́ tàbí tó ń dẹ́rù bani han àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ju ti àwọn ọkùnrin lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bi kálukú léèrè bí ó ṣe rí lára rẹ̀, ìdáhùn wọn kò yàtọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ pé ọkùnrin ò ní àánú, ojú ló ń wò.

Ọ̀nà tí ìlú là sílẹ̀ ni kálukú ń gbà. Ẹ wo ilé òkú. Obìnrin á ti figbe ta kó tó wọlé, á máa ki òkú, á máa bi í léèrè ẹni tó fi àwọn ọmọ sílẹ̀ fún. Tí kò bá sunkún, wọ́n á sọ ọ́ lẹ́yìn. Ọkùnrin á fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ṣírò owó pósí, á máa rán onísẹ́míjàn, ìyẹn ọlọ́kadà, níṣẹ́, á máa wá àga. Iṣẹ́ yẹn ni ẹkún tirẹ̀, ó sì yẹ ká máa kà á sí ẹkún.

Kétu tún ní ọ̀nà mìíràn tó ga ju èyí lọ. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, ìyẹn òru orin tó ń ṣáájú ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ọkùnrin tó gbé agọ̀ á júbà àwọn ìyá, àwọn obìnrin tó ní agbára, á súre fún ìlú, lẹ́yìn náà á gbé e sórin: ẹni tó jẹ owó àjọ, ọkọ tó sá fún ọmọ, ìjòyè tó ń fi ipò rẹ́ni jẹ. Ìbínú, ìtìjú, ẹ̀dùn ọkàn, gbogbo ẹ̀ ló ń jáde lẹ́nu ọkùnrin lójú ọjà, wọn kì í sì í tìtorí ẹ̀ bá a jà. Tílẹ̀ bá mọ́, Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á jáde. Ọkùnrin á wé gèlè, á di ọyàn àti ìdí, á gbé ère lórí, á jó ijó obìnrin láti fi tu àwọn ìyá lójú. Ìyálàṣẹ sì wà níwájú ẹgbẹ́ náà, obìnrin ni. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé. Ọkùnrin tí wọ́n kọ́ láti má sunkún láti kékeré, abẹ́ agọ̀ ló ti rí àyè sọ tinú rẹ̀.

Ara náà ń dá sí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2011, láti orílẹ̀-èdè 37, fi hàn pé ibi gbogbo ni obìnrin ti ń sunkún ju ọkùnrin lọ, pé ìyàtọ̀ náà sì pọ̀ sí i ní àwọn ilẹ̀ tí owó àti òmìnira wà. Bó bá ṣe pé ara nìkan ni, kò ní máa yí padà láti ilẹ̀ kan sí òmíràn bẹ́ẹ̀.

Níbi tí kò bá ti sí agọ̀, tí kò sí orin, ohun tí ọkùnrin gbé mì ń wá ọ̀nà mìíràn. Ó lè di orí fífọ́ tí oògùn kò ká, àìrí oorun sùn, ìbínú lórí ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, tàbí ọtí sódabì láti àárọ̀. Kárí ayé, iye ọkùnrin tó ń gbẹ̀mí ara wọn ju ìlọ́po méjì ti obìnrin lọ. Tí wọ́n bá bi irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ pé "Ṣé inú rẹ bà jẹ́ ni?", rárá ló máa sọ. Tí wọ́n bá bi í bó ṣe sùn lóru àná, ó ṣeé ṣe kó sọ̀rọ̀.