Ẹyẹ kò-sí-níbòmíì

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Iléṣà ń túmọ̀ ìwé kékeré kan lórí ẹyẹ, ó fi í ránṣẹ́ sí mi ní Ifẹ̀ kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ibi tí òyìnbó ti kọ ẹ́ńdẹ́míìkì, ìyẹn ẹ̀dá tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ló wà láyé, "ẹyẹ ìbílẹ̀" ló kọ síbẹ̀. Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó pa á rẹ́, ó kọ "ẹyẹ àdáni". Àdáni kẹ̀? Bí ilé-ìwé àdáni? Ta ló wá ni ẹyẹ náà?

Kò-sí-níbòmíì ni tèmi. Ó ní gbólóhùn nìyẹn, kì í ṣe orúkọ. Háà! Kí wá ni Kòsọ́kọ́? Kí ni kò-là-kò-ṣagbe? Ọjọ́ ti pẹ́ tí Yorùbá ti ń fi odidi gbólóhùn sọ nǹkan lórúkọ.

Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n ń bọ Ògún ní Ifẹ̀, wọ́n ń bọ ọ́ ní Iléṣà, wọ́n ń bọ ọ́ ní Oǹdó. Ìbílẹ̀ ni níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n adé Ààrẹ tí Ọọ̀ni ń dé nígbà Ọlọ́jọ́, ìlú wo lẹ tún ti máa rí i? Kò-sí-níbòmíì nìyẹn.

São Tomé ni ẹyẹ tó dá ìjà sílẹ̀ yìí wà, erékùṣù tí iná abẹ́ ilẹ̀ gbé yọ láàárín òkun, bí 250 kìlómítà sí etíkun Gàbọ́n. Terpsiphone atrochalybeia ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Akọ rẹ̀ dúdú, ó ń dán bí irin, ìrù rẹ̀ gùn gbọọrọ. Inú igbó ló ń gbé, a sì máa fò sókè gbé kòkòrò lójú òfuurufú. Abo kò dú tó bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó bá rí i ní São Tomé kò nílò ìwé: ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan kò sí níbẹ̀ tí wọ́n lè ṣì mú fún un.

Ìbátan rẹ̀ kan wà nínú igbó tiwa, orí dúdú, ikùn pupa. Ṣùgbọ́n São Tomé kò so mọ́ ilẹ̀ Áfíríkà rí. Àwọn tó kọ́kọ́ fò débẹ̀ ń gun ara wọn nìkan títí ọmọ wọn fi dá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n erékùṣù Fẹnandópò (Bioko ni wọ́n ń pè é báyìí), níbi tí àwọn ará wa ti ń ṣiṣẹ́ oko kòkó nígbà kan, ti so pọ̀ mọ́ Kamẹrúùnù rí nígbà tí òkun fà sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí kò-sí-níbòmíì ibẹ̀ kò fi tó nǹkan.

Ìwé náà tún pè é ní "ẹyẹ apakòkòrò". Apakòkòrò ni oògùn tí à ń fọ́n sóko kòkó! Ajẹkòkòrò ni ẹyẹ. Ọ̀rẹ́ mi ti gba ìyẹn; "àdáni" ni kò tíì fẹ́ jọ̀wọ́.