Ẹ Fi Ẹyẹlé Sílẹ̀, Fèrè Ni Kẹ́ ẹ Gbọ́

Tó bá ti di ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ tí a ń ṣèrántí àwọn ológun wa, ẹyẹlé ni ojú gbogbo ayé máa ń wà lára rẹ̀. Ààrẹ tàbí gómìnà á ṣí àgò, ẹyẹ funfun á fò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá bà sórí àgò tí kò lọ, ariwo ta: àmì burúkú nìyẹn! Ẹyẹ tí wọ́n sé mọ́ inú àgò, tí wọ́n gbé wá síbi tí kò dé rí, tí ìbọn ń dún létí rẹ̀, ṣé kò yẹ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ là ná? Àwa kan náà la máa ń wúre pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá di ọjọ́ ìṣòro kó yẹrí. Èyí tí kò yẹrí la wá ń bú.

Fèrè ni ọgbọ́n ayẹyẹ náà wà. Fèrè ológun kò ní ibi títẹ̀ kankan. Ètè afunfèrè ló ń yí ohùn padà, ohùn bíi márùn-ún péré ló sì ń lò. Ní bárékè àwọn òyìnbó tí a ti jogún rẹ̀, orin fèrè tí wọ́n ń pè ní Last Post ló ń sọ pé wọ́n ti yẹ àwọn aṣọ́nà wò tán, ilẹ̀ ti ṣú, kí oníkálukú lọ sùn. Orin kejì, Reveille, ló ń jí wọn láàárọ̀, bí onílù ṣe ń jí ọba láàfin. Níbi ìrántí, wọ́n á fun ti alẹ́, gbogbo ènìyàn á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fun ti òwúrọ̀. Wọ́n ti sin òkú sùn, wọ́n sì ti jí i, láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Mùsùlùmí, Kìrìsítẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe lè fi àdúrà tiwọn sínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kò sẹ́ni tó máa bá wọn jà. Àdúrà aláriwo ti ní ààyè tirẹ̀ ṣáájú: Jímọ́ọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, Sunday ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ wo àwọn ṣọ́jà tó dúró sí igun òkúta ìrántí náà. Wọ́n dojú ìbọn kọlẹ̀, ẹnu rẹ̀ wà lórí bàtà, wọ́n gbọ́wọ́ lé ìdí rẹ̀, wọ́n sì tẹrí ba. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ kọlẹ̀ kò lè bá ẹnikẹ́ni jà.

Ibi tó kù díẹ̀ káàtó ni ọjọ́ tí wọ́n mú. Ọjọ́ 11 oṣù Bélú, ọjọ́ tí ogun àgbáyé kìíní parí lọ́dún 1918, la ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Biafra túúbá ní Dodan Barracks l'Ékòó, lọ́jọ́ 15 oṣù Ṣẹẹrẹ 1970, wọ́n gbé ìrántí sí ọjọ́ yẹn. Ó bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn tó ja Ogun Bọ́mà ní Éṣíà, nígbà ogun àgbáyé kejì, nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Division 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá di èrò ẹ̀yìn lọ́jọ́ tó jẹ́ tiwọn tẹ́lẹ̀. Orúkọ ojú ogun wọn ṣì wà lára bárékè: Dodan fúnra rẹ̀, Arakan ní Àpápá, Letmauk ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ mọ́tò kọjá níbẹ̀ kò mọ̀ pé Bọ́mà ni wọ́n ń dárúkọ.

Bí wọ́n bá sì ń fi òdòdó lélẹ̀, ipò ni wọ́n ń tẹ̀ lé: Ààrẹ, àwọn olórí ilé aṣòfin, adájọ́ àgbà, àwọn ọ̀gá ológun. Ìgbà tó bá yá gan-an ni wọ́n tó ń pe aṣojú àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì àti ti àwọn opó. Kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀ láti pe opó ṣáájú Ààrẹ.