Akàn tó bàlágà kó tó pé ọdún kan: ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìròyìn kan ń lọ láti fóònù dé fóònù pé àwọn akàn tí wọ́n ń sìn ní Ṣáínà ti ń bàlágà nígbà tí wọn ò tíì ju ọmọ akàn lọ, pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gún wọn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti bi mí.

Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n ń bàlágà?
Òótọ́ ni.

Irú akàn wo ni?
Akàn odò tí irun bo ọwọ́ rẹ̀ ńlá méjèèjì. Ti adágún Yangcheng ní Jiangsu ló lókìkí jù. Ọdún kejì ló yẹ kó bàlágà, nígbà tó bá ti ju gíráàmù 100 lọ. Èyí tó kánjú ń bàlágà lọ́dún àkọ́kọ́, ní nǹkan bíi gíráàmù 20 sí 50.

Ṣé kì í ṣe èrè àgbẹ̀ nìyẹn?
Àdánù ni. Akàn kì í tóbi àfi tó bá bọ́ ìkarahun, èyí tó sì bọ́ láti bàlágà ni ìkẹyìn. Bó ṣe rí lọ́jọ́ náà ló máa rí títí ó fi máa kú. Àgbẹ̀ tó bá ṣèèṣì kó o mọ́ àwọn tó fẹ́ sìn lọ́dún kejì kàn ń bọ́ ohun tí kò ní dàgbà mọ́ ni.

Ta ló gún wọn lábẹ́rẹ́?
Èyí ni mo fẹ́ kó yé yín dáadáa: wọn kò nílò abẹ́rẹ́ kankan. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ojú náà ló fi ń ṣọ́ àsìkò. Nínú ọ̀pá tó gbé ojú rẹ̀ dúró, ẹ̀yà ara kékeré kan wà tó ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀, èyí tó ń dá ẹyin dúró. Àwọn tó ń sin edé mọ̀ ọ́n: wọ́n máa ń gé ọ̀pá ojú kan lára abo edé kó lè tètè yé ẹyin. Ti akàn yìí, omi tó gbóná fún ọjọ́ púpọ̀ àti oúnjẹ ọlọ́ràá tó pọ̀ jù ló ń sáré mú un dé ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí omi jìn nígbà ooru, tó ń gbin ewéko sínú rẹ̀ kó lè ṣíji bo akàn, tó sì ń dín ẹja kù nínú oúnjẹ wọn ní agbedeméjì ọdún.

Báwo ni wọ́n ṣe ń dá a mọ̀?
Wọ́n á dá a dé ẹ̀yìn, wọ́n á wo àwẹ́ ìkarahun tó ká mọ́ abẹ́ ikùn. Lára ọmọge akàn, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Lára abo tó ti bàlágà, ó ti di roboto, ó bo ikùn, irun tín-ín-rín sì yí etí rẹ̀ ká.

Ṣé irú ẹ̀ wà nílé?
Ẹja èpìyà. Kó akọ àti abo pọ̀ sínú omi kan, wọ́n á ti máa bímọ ní kékeré, omi á kún, ìkankan ò ní tóbi.

Ṣé jíjẹ ẹ́ léwu?
Títètè bàlágà kò sọ ọ́ di májèlé. Akàn odò tí kò jinná ni kí ẹ bẹ̀rù. Aràn kan ń gbé inú rẹ̀ tó ń wọ ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, akàn odò ilẹ̀ wa náà sì ń gbé irú rẹ̀: lẹ́yìn Ogun Abẹ́lé, ó mú ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ẹ sè é jinná dénú, kẹ́ ẹ sì fọ ọ̀bẹ tó gé e ní tútù. Ẹni tó bá ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, tó sì ti jẹ irú akàn bẹ́ẹ̀ rí, kó sọ fún dókítà, torí ó jọ ikọ́ ife, oògùn ikọ́ ife kì í sì í pa aràn náà.