UPS kọ́ ló ń tan kọ̀ǹpútà padà nígbà tí iná bá dé

Ẹ wọ ilé ìtẹ̀wé èyíkéyìí ní Tanke, ní Ìlọrin, tàbí ọ́fíìsì ilé ìwé àdáni kan ní Ọ̀ffà, kí ẹ béèrè ohun téèyàn lè ṣe kí kọ̀ǹpútà tó wà níbi tí kò séèyàn lè máa tan fúnra rẹ̀ tí NEPA bá dá iná padà. Ìdáhùn kan náà lẹ máa gbọ́: "Ẹ lọ ra UPS," ìyẹn àpótí bátìrì tó máa ń wà láàárín iná ògiri àti kọ̀ǹpútà. Tí UPS bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ò sì tan, wọ́n á ní ó kéré ni, kí ẹ lọ ra èyí tó jù ú lọ. Owó ń lọ, kọ̀ǹpútà ò tan. Ọ̀rọ̀ yìí ń dunni, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, UPS tuntun yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tan.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe UPS fún ni pé kó gbé kọ̀ǹpútà ró fúngbà díẹ̀, kí ẹ ráyè tọ́jú iṣẹ́ yín, kí ẹ sì pa á bó ṣe yẹ. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà, 650VA, bátìrì kan ló máa ń wà nínú rẹ̀, volt 12, 7Ah. Tó bá ṣì jẹ́ tuntun, á gbé kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan àti ojú rẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Tí ooru Ìlọrin bá ti lù ú fún ọdún méjì, ó lè má pé ìṣẹ́jú 2 mọ́. Kò sí wáyà kankan tó ti inú UPS lọ bá bọ́tìnì tó wà níwájú kọ̀ǹpútà. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà (motherboard, pátákó ńlá inú rẹ̀ tí ohun gbogbo so mọ́) fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bóyá òun á tan, ohun kan ṣoṣo ló sì ń wò kó tó pinnu. Ohun yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀.

Kọ̀ǹpútà ayé àtijọ́ ní bọ́tìnì tó ń gé iná gan-an, bíi ti fáànù. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ní títàn tí iná lọ, á tan nígbà tí iná bá dé. Àmọ́ láti 1995 tí Intel ti gbé ètò ATX jáde, bọ́tìnì iwájú kì í gé iná mọ́. Ńṣe ló kàn ń sọ fún bọ́ọ̀dù pé kó tan tàbí kó pa. Kọ̀ǹpútà tí ẹ rò pé ẹ ti pa, iná volt 5 ṣì ń wọ bọ́ọ̀dù rẹ̀ láti inú pọ́wà rẹ̀ (power supply, àpótí inú kọ̀ǹpútà tí wáyà ògiri ń wọ̀), níwọ̀n ìgbà tí wáyà bá ṣì wà lára ògiri tí iná sì wà. Wáyà aláwọ̀ àlùkò, èyí tó wà ní ojú kẹsàn-án lára pílọ́ọ̀gì ńlá tó wọ bọ́ọ̀dù, ló ń gbé e wá.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, kó ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà náà láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù, iná kékeré kan wà, àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ ọsàn, tó ń tàn bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà wà ní pípa. Ẹ yọ wáyà kúrò lára ògiri. Iná kékeré yẹn ò ní kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á máa rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀, á di bíi ti ẹyinná, kó tó wá kú pátápátá. Ó lè gba ìṣẹ́jú àáyá 3, ó lè gba 20, ó wà lọ́wọ́ pọ́wà tó wà nínú rẹ̀. Títí dìgbà tí iná yẹn fi kú, bọ́ọ̀dù ò mọ̀ pé NEPA mú iná lọ.

Ibí gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Bọ́ọ̀dù kì í ṣọ́ NEPA, kì í sì í ṣọ́ UPS. Volt 5 yẹn nìkan ló ń ṣọ́. Tó bá lọ pátápátá tó sì padà dé, ìgbà yẹn ló máa wo ohun tí ẹ kọ sínú BIOS, ìyẹn ètò inú bọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí, kó sì ṣe bẹ́ẹ̀. Tí volt 5 ò bá lọ rárá, kò sí ìpinnu tó fẹ́ ṣe. Ohun yòówù kí ẹ kọ síbẹ̀, kò ní kà á.

Ètò inú BIOS yìí kò ṣòro. Lórí Dell, ẹ tẹ F2 bó bá ṣe ń tàn, ẹ wá "AC Recovery" lábẹ́ ètò iná. Lórí HP, F10 ni, "After Power Loss" lorúkọ rẹ̀. Lórí ThinkCentre ti Lenovo, F1 ni, orúkọ kan náà. Lórí bọ́ọ̀dù Gigabyte, "AC BACK" ni, Delete lẹ sì máa tẹ̀. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n máa ń fún yín láti mú nínú rẹ̀: kó wà ní pípa, kó tan, tàbí kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹni púpọ̀ ló ń mú ìkẹta, torí pé ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ má mú un fún iṣẹ́ yìí. Tí UPS bá ti jẹ́ kí Windows pa ara rẹ̀ bó ṣe yẹ, "bó ṣe wà tẹ́lẹ̀" túmọ̀ sí pípa nìyẹn, pípa náà ló sì máa wà. "Power On" tàbí "Always On" ni kí ẹ mú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi UPS sí i. Ká sọ pé NEPA mú iná ní aago 2 ọ̀sán. UPS gbé e. Sọ́fítíwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà rí i, nípasẹ̀ wáyà USB, pé bátìrì ń lọ sílẹ̀, ó pa Windows ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 6. Kọ̀ǹpútà kú. Àmọ́ UPS ṣì ń tan, torí pé kọ̀ǹpútà tó ti kú ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná, bátìrì tó kù lè gbé volt 5 yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ní aago 2 kọjá ìṣẹ́jú 15, iná dé. UPS padà sórí NEPA láìjá. Iná kékeré orí bọ́ọ̀dù ò kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bọ́ọ̀dù ò rí nǹkan kan, kọ̀ǹpútà á sì wà ní pípa títí ẹnìkan á fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí BIOS tilẹ̀ wà lórí "Always On".

Àwọn tó gba UPS gbọ́ máa ń fèsì pé kọ̀ǹpútà tàwọn ń tan dáadáa. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹ lọ wo UPS ọ̀hún. Ó sábà máa ń jẹ́ èyí tí bátìrì rẹ̀ ti rọ, tí kò lè gbé nǹkan kan mọ́, tàbí èyí tí kò ní wáyà USB kankan tó lọ sínú kọ̀ǹpútà. Tí NEPA bá mú iná, gbogbo rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kan náà, volt 5 náà kú, bọ́ọ̀dù rí i, ó sì tan nígbà tí iná dé. Kíkú burúkú yẹn ló ń tan án. Ọjọ́ tí wọ́n bá ra UPS gidi, tí wọ́n so USB rẹ̀ mọ́ ọn, ọjọ́ yẹn ló máa dẹ́kun títàn, wọ́n á sì ní UPS tuntun náà ò dáa.

Ọ̀nà àbáyọ wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe títóbi UPS. Sọ́fítíwíà tó bá pa kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tún sọ fún UPS pé kó gé iná tirẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kó sì tún máa gbé iná padà nígbà tí NEPA bá dé. Sọ́fítíwíà tó ń jẹ́ Apcupsd ń ṣe é, ohun tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ ni "killpower". Òmíràn tó ń jẹ́ NUT náà ń ṣe é. Pẹ̀lú dráífà usbhid-ups rẹ̀, tẹ́ ẹ ò bá yí i, UPS á gé iná lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 20 (offdelay), á sì dúró fún 30 kó tó gbé e padà (ondelay). Ondelay gbọ́dọ̀ ju offdelay lọ. Tí kọ̀ǹpútà yín bá ń pẹ́ kó tó pa tán, ẹ sọ offdelay di 60 tàbí 90, kí ẹ sì gbé ondelay ga jù ú lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ UPS á gé iná nígbà tí ó ṣì ń kọ nǹkan sí dísìkì. Tó bá jẹ́ ètò bátìrì tó wà nínú Windows fúnra rẹ̀ nìkan lẹ lò, á pa kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò ní sọ fún UPS pé kó gé iná. UPS tí kò ní ojú USB rárá, irú èyí tó kún ọjà, kò sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ bá a sọ̀rọ̀.

Ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ń ṣe kò tó. Wọ́n á fa wáyà yọ nígbà tí kọ̀ǹpútà ń ṣiṣẹ́, wọ́n á kì í bọ̀ ọ́ padà, ó tan, wọ́n ní ó ti parí. Ìyẹn ò fi nǹkan kan hàn ju pé BIOS ń gbọ́ràn. Ẹ so ohun gbogbo bó ṣe máa wà, ẹ pa iná ní ibi changeover, ẹ sì dúró kí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ pa kọ̀ǹpútà. Ẹ wò ó bóyá UPS gé iná tirẹ̀. Ẹ dá iná padà, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe, kí ẹ dá iná padà ní kété tí Windows bẹ̀rẹ̀ sí í pa, kí UPS tó gé iná. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ UPS ti ń já èèyàn kulẹ̀: wọ́n á rí i pé iná ti dé, wọ́n á fagi lé gígé náà, kọ̀ǹpútà á wà ní pípa. Ẹ dán ẹ̀kẹta wò: ẹ jẹ́ kí bátìrì UPS gbẹ tán, kí ẹ wo bóyá UPS á tan fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Àwọn kan ò ní tan títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì wọn.

Changeover náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá yára gbé e láti orí NEPA sórí jẹnẹrétọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kọ̀ǹpútà tí kò ní UPS á kú lóòótọ́, torí pé pọ́wà ò lè gbé iṣẹ́ ju nǹkan bí ìdá 16 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ, ṣùgbọ́n volt 5 lè má tíì lọ tán. Bọ́ọ̀dù á wà láàárín méjì, kò ní tan, kò sì ní gbọ́ bọ́tìnì nígbà mìíràn. Ẹ dá a dúró ní àárín fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí jẹnẹrétọ̀ náà ti fìdí múlẹ̀.

Bátìrì kékeré orí bọ́ọ̀dù, CR2032, volt 3, ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí lórí kọ̀ǹpútà tokunbo tó ti pẹ́. Tó bá ti kú, gbogbo ètò inú BIOS á padà sí ti ilé iṣẹ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ pípa, aago á padà sí ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, ojú ìwé ayélujára á sì máa kọ̀ láti ṣí. Nígbà mìíràn kọ̀ǹpútà á tan, àmọ́ á dúró síbi "Press F1 to continue". Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ tí kò bá sí kíbọ́ọ̀dù lára rẹ̀. Ètò kan tún wà tó ń jẹ́ ErP, tó ń dín iná tí kọ̀ǹpútà ń jẹ tó bá wà ní pípa kù. Lórí bọ́ọ̀dù míì, ó máa ń dí títàn padà lọ́wọ́. Ẹ pa á.

Láptọ́ọ̀pù ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, torí pé bátìrì rẹ̀ kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀dù rí i pé iná lọ. ThinkPad míì ní "Power On with AC Attach", Dell Latitude míì ní "Wake on AC". Ẹ wò wọ́n bóyá tiyín ní.

Kọ̀ǹpútà tó tan kò tíì túmọ̀ sí pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ètò tí ẹ fi sínú Startup, ibi tí Windows ti ń ṣí ètò fúnra rẹ̀, ò ní ṣí títí ẹnìkan á fi wọlé sínú Windows. Ẹ gbé e sínú Task Scheduler, ibi tí Windows ti ń ṣètò ìgbà tí iṣẹ́ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ mú "At startup", kí ẹ sì mú "Run whether user is logged on or not". Tí Windows bá ń wọ ojú àtúnṣe lẹ́yìn tí iná ti já lẹ́ẹ̀melòó kan, àṣẹ bcdedit pẹ̀lú bootstatuspolicy ignoreallfailures á dín in kù.

Ṣé ó wá yẹ kí gbogbo kọ̀ǹpútà máa tan fúnra wọn? Ó ṣeé ṣe kó má yẹ. Èyí tó wà níwájú akọ̀wé, ẹni tó máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀. Iná tó bá ń dé ní Kwara, pàápàá tí òjò àkọ́rọ̀ bá ń bọ̀ pẹ̀lú atẹ́gùn, lè dé kó lọ kó tún dé lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárín ìṣẹ́jú 5, ó lè ga, ó lè rẹlẹ̀. Kọ̀ǹpútà tí a ṣètò sí "Always On" tí kò ní UPS, gbogbo rẹ̀ ló máa bá a tan, tó sì máa bá a kú, dísìkì rẹ̀ láàárín kíkọ. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣe é láìsí UPS tó ń gbọ́ràn, ẹ fi fridge guard sí àárín ògiri àti kọ̀ǹpútà, èyí tó ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná tó wọlé. Á dúró títí iná á fi balẹ̀, volt 5 á sì ti lọ tán kó tó jẹ́ kí iná kọjá.

Ẹ sì kọ ọ́ sára kọ̀ǹpútà náà pé ó máa ń tan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tú u, kó yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri, kó tẹ bọ́tìnì iwájú mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó rí i pé iná kékeré orí bọ́ọ̀dù ti kú kó tó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, iná lè dé nígbà tí ìka rẹ̀ wà nítòsí fáànù.