Kí Ló Ń Dá Àbàwọ́n Padà Sínú Àwo Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀?

Mo máa ń fọ àwo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi tónítóní, ṣùgbọ́n kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí àbàwọ́n ọ̀hún á tún yọjú. Ṣé n kò fọ̀ ọ́ dáadáa ni?

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fọ̀ ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Àbàwọ́n tó bá ń padà síbi kan náà pẹ̀lú àwọ̀ kan náà ní ohun tó ń bọ́ ọ: omi, páìpù, tánkì, tàbí ojú àwo náà fúnra rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kó padà lójú yín. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tó ti kọ́kọ́ yọ.

Kí ni àwọ̀ rẹ̀ lè sọ fún mi?

Ó ń sọ púpọ̀. Bó bá pupa rúsúrúsú, irin ni. Bó bá dúdú, tí kò sì yọ̀ lọ́wọ́, manganese, irú mẹ́táàlì kan tó máa ń wà nínú ilẹ̀, ló sábà máa ń jẹ́. Kò dìgbà tí wọ́n bá pọ̀ lómi. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé bí irin bá ti kọjá mílígíráàmù 0.3 nínú lítà omi kan, ó ń kó àbàwọ́n bá aṣọ àti àwo; manganese ń ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ti kọjá 0.1. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ jọ aró ń tọ́ka sí páìpù bàbà tí omi kíkan ń jẹ díẹ̀díẹ̀.

Òrùka funfun tàbí aláwọ̀ eérú níbi tí omi dúró sí, tó le, tí kò jọ̀lọ̀ lọ́wọ́, èépá kálísíọ́mù ni. Omi tí ọṣẹ kì í fẹ́ hó nínú rẹ̀ ló ń mú un wá. Èépá yìí ni mo rò pé ó yẹ ká fojú sí jù, nítorí irin àti ìtọ̀ máa ń rí ibi lẹ̀ mọ́ lára rẹ̀. Ẹ lè máa bá àwọ̀ pupa jà, kó sì jẹ́ pé èépá funfun ló gbà á lálejò.

Omi mi mọ́ gaara nínú ife. Ibo ni irin ti wá?

Irin tó ti yòrò sínú omi kì í ní àwọ̀. Ìgbà tí omi bá jáde nínú ilẹ̀ tí ọ́síjìn kàn án ni irin náà ń di ìpẹtà. Ẹ bu omi sínú ìgò tó ń hàn gbangba, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bó bá pọ́n, tàbí tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pupa wà nísàlẹ̀, omi yín ló ní irin. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé omi pupa ló ń kọ́kọ́ jáde láàárọ̀, tó sì ń mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, páìpù ló ń dípẹtà. Ẹ ṣí tánkì náà wò: bóòtù inú rẹ̀ lè ti dípẹtà.

Bílíìṣì ńkọ́?

Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ rèé. Bílíìṣì ń pa èbu àti kòkòrò, ṣùgbọ́n kò lè yọ èépá, ńṣe ló ń sọ ojú rẹ̀ di funfun fúngbà díẹ̀. Lórí irin, ó tún ń burú sí i, nítorí ó ń mú kí irin yára di ìpẹtà, kó sì lẹ̀ pinpin. Ohun kíkan ló ń yọ méjèèjì: fínígà tàbí citric acid, ohun tó ń mú ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ti omi inú àwo lọ kó lè fà sísàlẹ̀, kí omi má bàa la ohun kíkan náà, kí ẹ dà á sójú àbàwọ́n, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ohun kíkan àti bílíìṣì pọ̀ láéláé. Gáàsì chlorine ló ń jáde, ó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má lò wọ́n lọ́jọ́ kan náà.

Tèmi kì í ṣe òrùka. Ìlà kan ṣoṣo ló ti etí àwo sọ̀ kalẹ̀.

Omi ń jò láti inú tánkì. Rọ́bà tó dí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti gbó, omi sì ń sun gba ojú kan lọ́sàn-án lóru. Ó ju ọdún kan lọ tí mo fi ń fọ irú ìlà bẹ́ẹ̀ kí n tó ṣí tánkì. Ẹ kán aró oúnjẹ sínú tánkì, ẹ má fọ́ọ̀ṣì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwọ̀ bá hàn nínú àwo, ẹ pààrọ̀ rọ́bà náà.

Ohun pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ̀ ńkọ́?

Bakitéríà ni, Serratia marcescens ló wọ́pọ̀ jù. Ó fẹ́ràn ibi tó ní ọ̀rinrin tí a kì í lò déédéé. Bílíìṣì wúlò fún un.

Bó bá wá jẹ́ pé ojú àwo ló ti há ńkọ́?

Búrọ́ọ̀ṣì onírin ló sábà máa ń fà á. Ìdọ̀tí yóò máa wọ inú ojú ìhá náà, kò sì sí oògùn ìfọ̀ tó lè dá dídán rẹ̀ padà. Ẹ ó máa fọ̀ ọ́ léraléra, tàbí kí ẹ pààrọ̀ àwo.

Bó bá jẹ́ omi ni?

Ẹ̀rọ tó ń sẹ́ irin yàtọ̀ sí èyí tó ń yọ kálísíọ́mù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ omi náà wò ná, kí ẹ tó ra èyíkéyìí.