Iná ọ́ìlì ń ṣẹ́jú nínú Ìjàpá: ṣé pọ́ǹpù ló bàjẹ́ ni?

Volkswagen Beetle, tí gbogbo wa mọ̀ sí Ìjàpá, ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó, lójú ọ̀nà tó lọ sí Badagry. Èyí tó ṣẹ́kù lónìí wà lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀ tàbí àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ débi tí wọn ò lè tà á. Ìbéèrè nípa ọ́ìlì ni mo máa ń gbọ́ jù lẹ́nu wọn, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí pọ́ǹpù tí kò ṣẹ̀ lórí ààtàn.

Ọ̀kan lára wọn béèrè pé: Tí ọkọ̀ bàbá mi bá tutù, kò sí wàhálà. Àmọ́ tí mo bá ti pẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iná ọ́ìlì á máa ṣẹ́jú. Bí mo bá tẹ tọ́tù díẹ̀, á kú. Mẹkáníìkì ní kí n lọ ra pọ́ǹpù. Ṣé kí n rà á?

Ẹ má tíì rà á. Pọ́ǹpù kì í dá pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn agbára tó wà lẹ́yìn ọ́ìlì, ṣe. Jíà kéékèèké méjì ló wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ wọn ò sì ju kí wọ́n máa ti ọ́ìlì síwájú lọ. Àlàfo tóóró tó wà láàárín kíráǹkì (irin ńlá tó ń yí nínú ẹ́ńjìnnì) àti béárìn (ibi tó jókòó lé tó fi ń yí) ló ń dí ọ́ìlì náà lọ́nà, ìdíwọ́ yẹn ló ń di pírẹ́ṣọ̀. Ẹni tó bá ti fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi rí ti mọ ohun tí mò ń sọ: bí ẹ bá gbé ọwọ́ kúrò, omi ò ní dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń jáde ti lọ nìyẹn.

Tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, ọ́ìlì á ṣàn, kò ní ki mọ́, á sì máa yọ́ gba àwọn àlàfo yẹn kọjá. Tí ọkọ̀ bá sì dúró sójú kan, pọ́ǹpù ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Méjèèjì pàdé ni iná fi ń ṣẹ́jú. Ó lè jẹ́ pé ọ́ìlì ló ti rọ̀ jù, tàbí pé wọ́n ti yí ìdúró ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bó ṣe ń yí tí ẹ ò bá tẹ tọ́tù, wálẹ̀ jù (nǹkan bí 850 ló yẹ kó máa yí ní ìṣẹ́jú kan). Ó lè jẹ́ fáàfù tó ń tú àpọ̀jù pírẹ́ṣọ̀ sílẹ̀ ló há, ó lè jẹ́ súwíìṣì tó ń tan iná náà, ó lè jẹ́ béárìn tó ti jẹ. Pọ́ǹpù wà lára wọn, àmọ́ òun kọ́ ni mo máa kọ́kọ́ mú.

Àmọ́ ẹ má fojú kéré iná yẹn o. Pírẹ́ṣọ̀ gbọ́dọ̀ ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 2 sí 6 psi (òṣùwọ̀n pírẹ́ṣọ̀) kó tó tàn, ìyẹn ni pé ebi ti ń pa béárìn kí ẹ tó rí i. Tó bá tàn tí kò kú nígbà tí ẹ tẹ tọ́tù, ẹ pa ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ wá ẹni tó máa fà á. Ìjàpá ò ní omi, kò ní rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì ló ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára, ọ́ìlì ọ̀hún ò sì ju lítà méjì ààbọ̀ lọ.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Níbi tí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ pa á, ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì sọ̀ kalẹ̀. Ẹ fa géèjì, irin tóóró tí wọ́n fi ń wo ìwọ̀n ọ́ìlì, yọ, ẹ nù ún, ẹ tún un kì bọ̀ ọ́, ẹ wò ó, ẹ wá gbóòórùn rẹ̀. Àwọn èèyàn kì í ṣe ti òórùn yẹn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an lọ̀rọ̀ wà. Tó bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tí ọ́ìlì sì ga ju àmì òkè lọ láìjẹ́ pé ẹ fi kún un, ẹ lọ wo pọ́ǹpù bẹntiróòlù. Ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n dè é mọ́. Tí rọ́bà pẹlẹbẹ inú rẹ̀ bá ya, bẹntiróòlù á máa kán sínú ọ́ìlì, á sì máa là á. Pọ́ǹpù ọ́ìlì tuntun mẹ́wàá ò lè wo àìsàn yẹn. Ẹ tún pọ́ǹpù bẹntiróòlù ṣe, ẹ da ọ́ìlì yẹn nù, ẹ rọ òmíràn. Ẹ má wa ọkọ̀ náà títí ẹ ó fi ṣe é.

Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá ń yà ní kọ́nà ni iná ń tàn, ọ́ìlì ti kéré nìyẹn, tàbí kí páìpù tó ń fa ọ́ìlì láti ìsàlẹ̀ ti mì nídìí, tó wá ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹ bá ń da ọ́ìlì nù, ẹ tú àwo pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́fà ló dè é. Asẹ́ ọ́ìlì wà lókè rẹ̀. Kò sí fílítà mìíràn nínú ọkọ̀ yìí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, asẹ́ yìí nìkan ni. Ẹ gbé e síta nínú oòrùn kí ẹ wo ohun tó kó. Bí ẹ bá rí irin wẹ́wẹ́ tó ń dán, pàápàá èyí tó pọ́n bíi bàbà, béárìn ló ń jẹ. Bí ẹ bá rí gọ́ọ̀mù rọ̀bọ̀tọ̀ rọ̀bọ̀tọ̀, ẹni tó tún ẹ́ńjìnnì yẹn ṣe kẹ́yìn ló fi gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù lẹ̀ ẹ́, àpọ̀jù náà sì ti jábọ́ sínú, ó ń dí asẹ́. Mo ti rí i tí asẹ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá báyìí, tí onímọ́tò sì ti ra pọ́ǹpù kalẹ̀. Tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ fọwọ́ rọ́ọ́ mú àwọn nọ́ọ̀tì yẹn, wọn kì í pẹ́ bọ́ nínú eyín.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé iná ọ̀hún ò purọ́?

Súwíìṣì rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí dìsìtíríbútọ̀, wáyà kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì sítáàtì. Iná gbọ́dọ̀ tàn. Tí kò bá tàn, ẹ yọ wáyà náà kí ẹ fi kan irin ẹ́ńjìnnì: tó bá tàn báyìí, súwíìṣì ti kú, tí kò bá tàn síbẹ̀, bọ́ọ̀bù tàbí wáyà ni. Iná tí kì í tàn rárá burú ju èyí tó ń ṣẹ́jú lọ.

Ṣùgbọ́n ìdáhùn gidi wà lára géèjì pírẹ́ṣọ̀, ìyẹn aago tí wọ́n fi ń wọn pírẹ́ṣọ̀. Ẹ yọ súwíìṣì, kí ẹ de géèjì náà sí ihò rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ títí ọ́ìlì á fi gbóná dé nǹkan bí 70°C. Pẹ̀lú ọ́ìlì SAE 30 (nọ́ńbà yẹn ló ń sọ bó ṣe ki tó), tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí 2,500 ní ìṣẹ́jú kan, 42 psi ló yẹ kí ẹ rí. Tó bá ti kéré sí 28, ẹ́ńjìnnì náà ti rẹ̀. Mẹkáníìkì tí kò tíì wọ̀n ọ́n kò tíì mọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ yín.

Ẹ mẹ́nu ba fáàfù. Fáàfù wo nìyẹn?

Lábẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítòsí pọ́ǹpù, ẹ ó rí bóòtì gbàǹgbà kan tí ojú rẹ̀ gba súkúdírífà ńlá. Písítìnì kékeré kan àti sípíríǹgì wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti 1970 ni ilé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi méjì sí i, torí náà ẹ wo abẹ́ tiyín dáadáa. Tí písítìnì yẹn bá há sísàlẹ̀, ọ́ìlì á máa gba ẹ̀yìn padà, iná á máa ṣẹ́jú. Tó bá há sókè, ọ̀kan míì ni: ní òwúrọ̀ tí ọ́ìlì ṣì ki, gbogbo agbára rẹ̀ á kọjú sí ọ́ìlì kúlà, ohun tó ń tu ọ́ìlì lára, ìyẹn á sì máa jò. Ẹ fà á yọ, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi sáńpépà múlọ́múlọ́ nù ún níbi tó bá ti ha. Ó gbọ́dọ̀ máa lọ sókè sódò fúnra rẹ̀.

Ìgbà wo wá ni ẹ̀bi jẹ́ ti pọ́ǹpù?

Ìgbà tí ẹ bá tú ìdérí rẹ̀, tí ẹ rí ìlà roboto tí jíà ti fi ha á, tí èékánná yín sì ń kọ́ níbẹ̀. Ẹ gbé irin tó gún lé ẹnu pọ́ǹpù, kí ẹ fi irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi ń wọn àlàfo wọ̀n ọ́n: tó bá ju 0.1 mm lọ láàárín jíà àti ìdérí, ó ti jẹ jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì tó nípọn náà lè dá irú àlàfo yẹn sílẹ̀, nítorí náà ẹ má gé tiyín láti ara páálí.

Tí ẹ bá ń lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Èkó, ẹ mú pọ́ǹpù àtijọ́ dání. Kámù, irin tó ń yí pọ́ǹpù, oríṣi méjì ló wà, èyí tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú àti èyí tí ìdí rẹ̀ jin sínú, pọ́ǹpù ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì. Kí ẹ tó dè é, ẹ fi fasilíìnì kún inú jíà kó lè tètè fa ọ́ìlì. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, kí ẹ máa sítáàtì títí iná á fi kú, kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́ rárá.

Wọ́n ní kí n fi pọ́ǹpù ńlá sí i, pé á pa iná yẹn. Ṣé òótọ́ ni?

Ó lè pa iná. Kò ní tún béárìn ṣe. Kí ẹ tó náwó yẹn, ẹ pa ọkọ̀, kí ẹ di púlì kíráǹkì mú, kí ẹ tì í síwá kí ẹ fà á sẹ́yìn. Ìrìn tó yẹ kó ní jẹ́ 0.07 sí 0.13 mm, ọwọ́ ò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, ó ti ju 0.15 lọ nìyẹn, ẹ́ńjìnnì máa di títú sí méjì. Pọ́ǹpù ńlá nínú ẹ́ńjìnnì onífáàfù kan sì lè ti ọ́ìlì kúlà já ní àárọ̀. Tí púlì ò bá mì, tí pírẹ́ṣọ̀ ju 28 lọ, ẹ rọ ọ́ìlì tuntun, ẹ tún ìdúró ẹ́ńjìnnì ṣe, kí ẹ máa wa ọkọ̀ bàbá yín lọ.